Kí ni Ìgbàgbọ́ Wa Ń Ṣe ní Ọjọ́ Ajé?

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fẹ́ bá àwọn Onígbàgbọ́ ìlú wa sọ ọ̀rọ̀ yìí, a sì ń fà á sẹ́yìn nítorí pé ọgbẹ́ tí a fẹ́ fọwọ́ kàn kò tí ì jinná. Kò sí ọmọ Ọ̀wọ̀, ìbáà ṣe ará Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ tàbí ará àárín ìlú, tí ó lè gbàgbé ọjọ́ 5 oṣù June, ọdún 2022. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni. Ìsìn ń parí lọ ní ilé ìsìn Àgùdà ti St. Francis ní òpópónà Owa-luwa, nígbà tí àwọn apànìyàn fi ìbọn àti ohun abúgbàmù kọlu àwọn tí ó wá sin Ọlọ́run. Àwọn tí ó kú kò dín ní 40, àti àgbà àti ọmọdé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì gbọgbẹ́, tí a gé ẹsẹ̀ àwọn mìíràn nínú wọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà ni a ṣe ìsìn ìsìnkú.

Nígbà tí ilé ìwòsàn ń wá ẹ̀jẹ̀, àwọn ènìyàn wá, wọ́n sì na apá wọn. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ Àgùdà yàtọ̀ sí ará ìjọ Áńgílíkà, kò sì mọ Onígbàgbọ́ yàtọ̀ sí Mùsùlùmí. Àwa kò ní bu iṣẹ́ ọjọ́ náà kù láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí a fi tọrẹ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fi ń fà á. Ẹsẹ̀ tí a gé kì í hù padà, bàbá tí ó kú kì í tún wá san owó ilé ìwé.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ará Samáríà aláàánú. Apá kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn oníwàásù wa máa ń sáré kọjá, bóyá nítorí pé kò ní omijé nínú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ọkùnrin náà yọ owó fún onílé-èrò, ó sì ṣèlérí pé nígbà tí òun bá ń padà bọ̀, òun yóò san ìyókù. Òróró àti wáìnì tí ó dà sójú ọgbẹ́ ni a ń kọrin lé lórí. Gbèsè tí ó fi ara rẹ̀ sí lọ́dọ̀ onílé-èrò, a kì í dárúkọ rẹ̀. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ ti di òtítọ́. Àánú tí ó ta ni lọ́kàn lójú ọ̀nà, aláìgbàgbọ́ pẹ̀lú a máa ní i. Ta ni ó padà sọ́dọ̀ onílé-èrò?

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti ilé wa. Ní ìgbà Igogo, fún ọjọ́ 17, ìlù kì í dún ní Ọ̀wọ̀, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. (Àwọn alàgbà kan yóò ti máa fajú ro, a kò sọ pé kí Onígbàgbọ́ máa bọ òrìṣà o.) Ohun tí a ń wí ni pé àlejò tí ó bá wọ ìlú ní àsìkò náà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un, yóò rí i lórí àwọn ènìyàn láàárín ọjà. Bí àlejò náà bá wá ní ọjọ́ Ajé tí kì í ṣe ìgbà Igogo, kí ni yóò rí, yàtọ̀ sí pátákó àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, tí yóò fi mọ̀ pé ilé ìsìn pọ̀ ní ìlú yìí? Yóò ha rí i nínú kọ́ńgò tí a lù ní ìdí kí gàrí má baà kún un? Nínú òṣùwọ̀n ẹni tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni tàbí lórí tábìlì akọ̀wé tí ó ń retí kí opó wá "rí òun" kí ó tó buwọ́ lu ìwé rẹ̀?

Kì í ṣe pé a kò ní ẹni tí a lè wò. Olóògbé Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí a bí ní 1908, kì í ṣe àlùfáà, olùkọ́ ni. St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà, ó ṣe ọ̀gá Imade College láti 1947, ó dá Owo High School sílẹ̀ ní 1963, ó sì di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní òpin ọdún 1983, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́. Ìgbìmọ̀ náà dá a láre. A lè bá a jiyàn lórí òṣèlú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọwọ́ kan owó ìlú tí wọ́n wá ẹ̀bi rẹ̀ tí wọn kò rí, ó ti wàásù.

Ní Ọjọ́ Àjíǹde 2023 a tún ṣí ilẹ̀kùn ilé ìsìn St. Francis, inú wa sì dùn sí i. Ìbéèrè wa nísinsìnyí kò sí fún àwọn Àgùdà nìkan. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan, kí ilé ìwé tó wọlé ní September, rán ẹgbẹ́ àwọn ìyá yí àdúgbò ká: ta ni ó gbọgbẹ́ ní ọjọ́ náà, ta ni ń san owó oògùn rẹ̀, ta sì ni ń san owó ìwé àwọn ọmọ rẹ̀? Bí wọ́n bá rí ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́, kí akápò kọ ohun tí a ó máa san sínú ìwé ìṣirò ìjọ, lókè ibi tí ó kọ owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí.