Ta Ni Ó Ń San Owó Ògo?

Ní ọjọ́ tí Ẹgbẹ́ wa péjọ láti gbèrò lórí eré tí a ó ṣe ní òpin ọdún ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀rẹ́ mi kan dìde, ó ní kí a sọ owó ìwọlé di ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, kí a sì ya ìjókòó iwájú sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́lá. Mo bi í pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn àgbà ti parí ọ̀rọ̀ náà: ọ̀wọ́n là ń ra ògo, ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn. Ó ní eléré tí ó bá ń gba owó kékeré ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ òun kò níláárí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi: èsì mi nìyí.

Ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ pè kì í ṣe ará ilé. Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ni, ará Washington tí í ṣe olú-ìlú Amẹ́ríkà. Fugazi ni orúkọ wọn. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n: Ian MacKaye àti Guy Picciotto, tí àwọn méjèèjì ń ta gìtá tí wọ́n sì ń kọrin, Joe Lally, tí ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, àti Brendan Canty, onílù wọn. Èmi tí mo ń kọ́ èdè kò lè ṣàìmẹ́nu kan orúkọ náà: ẹnà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ogun Vietnam ni, fún ọ̀ràn tí ó ti bàjẹ́ pátápátá. Ní 1987 ni wọ́n kọ́kọ́ jáde lójú agbo. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2002 ni wọ́n ṣe eré wọn ìkẹyìn, ní London. Wọ́n ti dáwọ́ dúró kí a tó bí mi. Ohùn wọn tí a gbà sílẹ̀ ni mo fi mọ̀ wọ́n, àti fíìmù Instrument tí Jem Cohen ṣe nípa wọn ní 1999. Bí ẹnìkan bá ní ariwo lásán ni orin rọ́ọ̀kì, n kò bá a jiyàn. Kì í ṣe adùn orin ni a ń sọ, ìwà olórin ni.

Kí ni wọ́n ṣe? Dọ́là 5 ni wọ́n sábà ń gbà lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn tí òkìkí wọn kò tó tiwọn ń gba ìlọ́po rẹ̀. Èkejì, wọ́n ní ọmọdé àti àgbà ni yóò máa wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí kò rọrùn ní Amẹ́ríkà, nítorí ilé ọtí ni a ti ń ṣe ọ̀pọ̀ irú eré bẹ́ẹ̀, òfin kò sì gba ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 láyè láti mutí, nítorí náà a máa ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́. Bí onílé ọtí bá kọ̀, Fugazi a wá gbọ̀ngàn ìjọ tàbí ti ilé-ìwé lọ. Èyí tí wọ́n bá sì ṣe ní Washington, ìlú wọn, bí kò bá jẹ́ ọ̀fẹ́, a jẹ́ pé owó rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìní tàbí ẹgbẹ́ tí ń jà fún ará ìlú ni.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń jẹun? Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọn kò ní máníjà. MacKaye fúnra rẹ̀ ni ó ń bá àwọn onígbọ̀ngàn sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n kó ohun èlò wọn sí, àwọn fúnra wọn sì ń wà á. Iléeṣẹ́ Dischord, tí MacKaye àti Jeff Nelson dá sílẹ̀ ní 1980, ni ó ń gbé àwo wọn jáde, láìsí ìwé àdéhùn kankan láàrin iléeṣẹ́ àti olórin. Wọn kò ta ṣẹ́ẹ̀tì tí a kọ orúkọ wọn sí. Lọ́nà báyìí ni wọ́n fi ṣeré ju ìgbà 1,000 lọ, ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù, ní Jàpáàn àti ní Ọsirélíà. Ẹ pín in sí ọdún 15, ẹ ó rí i pé kò pé ọjọ́ 6 láàrin eré kan àti èkejì.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí ọ̀rẹ́ mi ti ṣìnà. Ó rò pé owó kékeré ń sọ olórin di yẹpẹrẹ lójú àwọn tí ń gbọ́ ọ. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí jàǹdùkú kan bá ń fi ìgbọ̀nwọ́ àti ẹsẹ̀ gún àwọn ẹlòmíràn láàrin agbo, Fugazi a dá orin dúró, wọ́n a bá a wí lójú gbogbo ènìyàn, bí kò bá sì gbọ́, wọ́n a dá dọ́là 5 rẹ̀ padà fún un, wọ́n a ní kí ó máa lọ. Olórin wo ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ó san owó ńlá tí ó sì jókòó síwájú? Ẹni tí a bá jẹ ní gbèsè kì í gba ìbáwí lẹ́nu ẹni. Ní January 12, 1991, nígbà tí Amẹ́ríkà ń múra àtibá Iraq jagun, iwájú ilé Ààrẹ ni wọ́n lọ ṣeré sí láti kọ ogun náà. Ẹni tí kò jẹun lọ́wọ́ ọlọ́lá ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ wọn kò sì gbàgbé. Ní 2011, Dischord bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohùn àwọn eré náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ju 800 lọ. Dọ́là 5 kan náà ni wọ́n ní kí a san. Àwọn tí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà èwe wọn kó àwòrán àti ìwé ìkéde àtijọ́ wá kún un. Ṣé báyìí ni ènìyàn ń ṣe sí ọ̀bùn?

Àwọn kan yóò ní Amẹ́ríkà ni, ilẹ̀ ọlọ́rọ̀. Èmi ní níbẹ̀ gan-an ni ìdẹwò ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn tí àwo Nevermind ti ẹgbẹ́ Nirvana jáde ní 1991 tí ó sì tà bí nǹkan míràn, àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń fi owó lé irú wọn kiri. Wọ́n kọ̀. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo olórin ni ó lè tẹ̀lé wọn, àti pé àwọn kan ń pè wọ́n ní oníwàásù. N kò sì sọ pé kí olórin máa febi pa ara rẹ̀. Wọn kò febi pa ara wọn. Ohun tí mo sọ ni pé kí ó tó bu owó lé ará ìlú, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń ná.

Nítorí náà n kò bá òwe àwọn àgbà jà. Òótọ́ ni: ọ̀wọ́n là ń ra ògo. Fugazi rà á lọ́wọ̀n-ọ́n, wọ́n fi oorun, ìrìn àjò àti owó iléeṣẹ́ ńlá tí wọ́n kọ̀ rà á. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ni wọ́n san án. Àwa ńkọ́? A fẹ́ gba ògo, kí ẹlòmíràn sì sanwó rẹ̀. Kí ni ìlọ́po mẹ́ta náà wà fún? Aṣọ ẹgbẹ́jọdá àti oúnjẹ àwọn àlejò pàtàkì ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ń ta ẹ̀bà fún wa lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí ó mọ oríkì ju gbogbo wa lọ, yóò máa gbọ́ ìlù wa láti ìta!

Ẹ jẹ́ kí a fi aṣọ wa àtijọ́ ṣeré. Ẹ jẹ́ kí owó ìwọlé wà bí ó ti wà, kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé jókòó síwájú, ìbáà ṣe ọ̀gá, ìbáà ṣe ẹlẹ́bà. Bí ọ̀rẹ́ mi bá ní èsì, kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ìwé yìí sì gba àwa méjèèjì.