Kòkòrò Tí Ń Jẹ Ẹ̀fọ́ Nínú Sinimá Yorùbá

Níbi tí àwọn olólùfẹ́ sinimá Yorùbá bá ti pé jọ, kì í pẹ́ tí àríyànjiyàn fi ń bẹ́ sílẹ̀: èwo ló dára jù? Àwọn kan a ní kò tún sí èyí tó dà bí Aiyé tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní ọdún 1979, àti Jáíyésinmi tó tẹ̀ lé e. Bí ẹlòmíràn bá dárúkọ Ṣaworoidẹ, wọn a fi rẹ́rìn-ín, wọn a ní ìlù lásán ni, kò sí ìjà gidi nínú rẹ̀. Ẹjọ́ náà kò le dá bí ènìyàn kò bá fi ariwo dá a.

Ẹni tí ọlá tọ́ sí ni kí á fi ọlá fún. Láti ọdún 1944 ni Ògúndé ti ń gbé eré jáde, kò sì sí ẹni tí yóò gba ipò bàbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọfọ̀ tí ń bẹ lẹ́nu Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe nínú Aiyé, kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n adùn ọfọ̀ ọ̀tọ̀, ẹ̀kọ́ ìtàn ọ̀tọ̀. Kí ni Aiyé sọ pé ó ń ba ìlú jẹ́? Àjẹ́ ni. Bí a bá ti ṣẹ́gun àjẹ́, ìlú tòrò. Kò sí ẹni tí ó di dandan fún láti yẹ ìwà ara rẹ̀ wò. Jáíyésinmi tún tọ ipa ọ̀nà kan náà. Nígbà tí fídíò sì dé, àìmọye fíìmù ló tẹ̀ lé wọn: bí ìyàwó kò bá bímọ, ìyá ọkọ ni, bí ọkọ̀ bá dànù, arúgbó kan a máa rẹ́rìn-ín ní kọ̀rọ̀.

Àwọn tí ń gbèjà irú fíìmù bẹ́ẹ̀ a máa pa òwe pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Wọ́n ní dígí ni sinimá, ohun tí Yorùbá gbà gbọ́ ló ń fi hàn. Ó dára. Ṣebí Yorùbá yìí kan náà ló sọ pé kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà? Dígí tí ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú kan hàn nígbà gbogbo, ẹ̀tàn ló ń ṣe. Ewu rẹ̀ kò sì parí sí ilé sinimá. Opó arúgbó tí àdúgbò ń fura sí kò ní ibi tí yóò sá sí nígbà tí iná bá tàn tí olúkúlùkù bá relé. Ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, ọ̀rọ̀ náà burú dé ibi pé òfin ọdún 2008 ní láti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni máa pe ọmọdé ní àjẹ́.

Wo ọ̀nà tí Túndé Kèlání gbà. Nínú Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, ní ọdún 1993, àwọn tó ta ilẹ̀ mímọ́ fún ẹni tí yóò kọ́ ilé epo sí i kì í ṣe àjèjì. Ọmọ ìlú ni wọ́n. Nínú Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, ọba Jogbo kọ̀ láti bá ìlú mulẹ̀, nítorí ó fẹ́ kówó igi gẹdú jẹ láìbẹ̀rù. Ṣọ́jà tó wá pa á náà fi adé dé ara rẹ̀ lórí. Ọdún 1999 ni fíìmù náà jáde, ọdún náà gan-an tí àwọn ológun kúrò lórí àlééfà ní Nàìjíríà. Òǹwòran wo ni yóò béèrè ibi tí Jogbo wà?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé Kèlání sá fún awo. Ìlù ló pa ọba ṣọ́jà náà. Ṣùgbọ́n ìlù yẹn kì í pa aláìṣẹ̀. Ẹni tó dé adé láìbúra ló ń pa. Awo dúró ti òtítọ́, kò ru ẹ̀bi ẹlòmíràn. Ọ̀nà yìí ni Kúnlé Afọláyan náà tọ̀ nínú Aníkúlápó, ní ọdún 2022: àkàlà jí Ṣàró dìde, ṣùgbọ́n ìgbéraga Ṣàró fúnra rẹ̀ ló já a kulẹ̀.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó bá fẹ́ fi sinimá kọ́ ọmọ ní Yorùbá fi Aiyé kọ́ wọn ní ọfọ̀, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí ń tú ìlú, kí ó lu Ṣaworoidẹ fún wọn. Ọmọ tó bá wo ti àkọ́kọ́ a máa wo ojú ìyá arúgbó ilé kejì tìfura-tìfura. Èyí tó bá wo èkejì a béèrè lọ́wọ́ ẹni tó wà lórí oyè pé: ìwọ, ṣé o búra?