Ta Ló Ní Ká Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ohun Tó Tú Wa Ká?

Bí òkun bá ti tún gbé ilé lọ létíkun Ìlàjẹ, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹjọ láti fi tù wá nínú. Wọ́n á ní ṣebí ìgbà tí wọ́n tú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù ká kúrò ní Jerúsálẹ́mù ni ìyìn rere tó tàn kálẹ̀, pé bóyá bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ kí tiwa náà rí nìyẹn. Ọmọ Òde Ugbò ni mí, n kò sì fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ka orí náà dáadáa.

Wọ́n sọ Sítéfánù lókùúta pa, inúnibíni sì bẹ́ sílẹ̀. Sọ́ọ̀lù ń wọ ojúlé dé ojúlé, ó ń wọ́ tọkùnrin tobìnrin lọ sẹ́wọ̀n. Kí ìwé náà tó sọ pé àwọn tó túká ń wàásù, ó ti kọ́kọ́ sọ pé àwọn èèyàn sin òkú Sítéfánù, wọ́n sì sunkún rẹ̀ gan-an. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbẹ́nu dákẹ́ torí pé ire ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sì síbi tí ìwé náà ti pe iṣẹ́ ọwọ́ Sọ́ọ̀lù ní oore.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí a máa ń fò kọjá: àwọn àpọ́sítélì kò kúrò ní Jerúsálẹ́mù. Àwọn ọmọ ìjọ lásán ló sá lọ. Àwọn kan nínú wọn dé Fẹníkè, Kípírù àti Áńtíókù. Ní Áńtíókù, àwọn ará Kípírù àti Kírénè kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn Gíríìkì sọ̀rọ̀ Jésù, ìlú náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn ní Kristẹni. Ìwé náà kò dárúkọ wọn. Nítorí náà, inúnibíni kọ́ ló tan ìgbàgbọ́ náà kálẹ̀. Àwọn tí kò gbà kí inúnibíni pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ló tàn án.

Àwa Ugbò gan-an mọ ohun tí à ń pè ní ìtúká. Ìtàn àwọn baba wa ni pé Ifẹ̀ la ti kúrò, lẹ́yìn tí Odùduwà gba ilẹ̀. Ní Ifẹ̀, wọ́n ń ṣọdún Ẹdì láti fi rántí Mọ́remí tó gbà wọ́n lọ́wọ́ akónilẹ́rù. Ní Ugbò, onílé tí wọ́n lé jáde ni akónilẹ́rù náà. Mi ò tíì rí ọmọ Ugbò kan tó ń dúpẹ́ pé wọ́n lé wa dé etí òkun.

Ẹ wá wo Ayétòrò. Ní 1925 ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, lọ́wọ́ Mósè Orímọládé ọmọ Ìkàrẹ́ àti Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n. Nígbà tí ó dé agbami tiwa, àwọn kan nínú wọn ta ko ẹbọ àti pípa ìbejì, wọ́n sì rí inúnibíni. Ní 1947, wọ́n kó ara wọn jọ sórí ẹrẹ̀ létí òkun, wọ́n sì tẹ ìlú dó. Àpò kan ni gbogbo wọn ń ná. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ní iná mànàmáná ní 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Ká ní ńṣe ni kálukú wọn gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ta ni ì bá gbọ́ nípa wọn? Ìtúká kọ́ ló kọ́ Ayétòrò. Ìkórajọ ló kọ́ ọ.

Ìlú yìí náà ni òkun ń jẹ lónìí. Ní 2004 ni àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde. Omi ṣì ń wọlé. Ẹni tó bá wá ń fi orí kẹjọ pa ará Ayétòrò lẹ́kún ń ran ẹni tó jẹ gbèsè ògiri náà lọ́wọ́ ni. Sọ́ọ̀lù kì í ṣe áńgẹ́lì, òkun tí a kò dí kì í sì í ṣe ìhìn rere.

Àwa tí a wà ní yunifásítì káàkiri ńkọ́? Ará ìtúká ni wá. Inú wa máa ń dùn pé a ti tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàn fẹ́ mú, àwọn ará Áńtíókù dá owó, oníkálukú bí agbára rẹ̀ ti mọ, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ará tó wà ní Jùdíà. Wọn kò sọ pé ilé ti di àná.

Ẹni tó bá fẹ́ wàásù orí kẹjọ fún wa, ó dáa, kó máa wàásù. Kó ṣáà ka orí kọkànlá mọ́ ọn, kó sì mú owó tirẹ̀ dání wá.