Ìbọn Ńlá Nìkan Kọ́ Ni Ọdẹ

Lórí àwọn òkè Colorado ní Amẹ́ríkà, iyàn kì í tán láàárín àwọn ọdẹ tó ń pa elk, ẹran tó jọ àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Àwọn kan ní .300 Winchester Magnum ọdún 1963 ni. Àwọn mìíràn ní 6.5 Creedmoor ọdún 2007 ti tó.

Lójú tiwa, èyí tí ọdẹ lè yìn láìfòyà ni kó mú. Magnum lágbára lọ́nà jíjìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ti èjìká sẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Creedmoor. Ẹni tó ń bẹ̀rù ìbọn rẹ̀ á dijú kó tó yìn ín. Ẹran á gbọgbẹ́, á sá wọgbó lọ jẹ̀rora kú. Ẹni tó bá sì mú Creedmoor, kó rọra súnmọ́ ẹran. Ẹ̀yin ńkọ́?