Ta Ni Ẹ Rí Ní Pobè?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn yín pé steroid ni àwọn ọ̀dọ́ Pobè àti Sakété fi ń wú iṣan báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ rí? "Wọ́n ní, wọ́n ní" ló kún inú rẹ̀. Kò sí dókítà kan, kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan. Ọmọkùnrin tó ń kọ ẹyìn, tó tún ń ru sìmẹ́ǹtì, kò nílò abẹ́rẹ́ kí apá rẹ̀ tó le.

Stanozolol tó gba àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ asáré Ben Johnson ní Seoul lọ́dún 1988, oríṣi steroid kan tó ń mú iṣan tóbi nìyẹn. Steroid ni àwọn méjì mìíràn náà, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni clobetasol tó wà nínú àwọn ìpara kan tí wọ́n fi ń bóra, ọ̀tọ̀ sì ni dexamethasone tí àwọn obìnrin kan ń gbé mì kí wọ́n lè sanra. Àwọn méjì yìí kì í mú iṣan tóbi. Tí èèyàn bá lò wọ́n pẹ́, clobetasol a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́, dexamethasone a sì máa jẹ iṣan fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń rà wọ́n kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan. Àwa àgbà, ẹgbẹ́ tèmi, wà níbẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ ò ya fọ́tò tiwa.

Ẹ rán akọ̀ròyìn yín lọ sí ìsọ̀ onípara, kó ka ẹ̀yìn páálí.

Èmi ni, òǹkàwé yín ní Sakété.