Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó Lórí Owó Orí Àwọn Tí Wọ́n Jọ Ń Gbé Ilé Kan

Ọlọ́lá jùlọ,

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kì bá tí gbé gègé láti yọ ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn lẹ́nu, bí kì í bá ṣe pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kan àìmọye ọmọ yín tí wọ́n ń jí lọ síbi iṣẹ́ láti Yábàá, láti Bàrígà àti láti Ògbà, tí ó jẹ́ pé méjì mẹ́ta wọn ló ń dá owó jọ kí wọ́n tó lè rí òrùlé kan forí pamọ́ sí.

Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, ni mo ń sọ. Ohun rere wà nínú rẹ̀, n kò sì ní torí pé mo ń ráhùn kí n fojú fò ó: kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí a bu owó orí lé lọ́dún, ẹni tó bá sì ń gbé ilé onílé lè yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tó san lọ́dún kúrò kí wọ́n tó ṣírò, bí ohun tí yóò yọ kò tilẹ̀ gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ohun tí òfin béèrè ni pé kí ó sọ iye tó san bó ti rí gan-an, kí ó sì ṣe àlàyé yòówù tí àwọn agbowó orí bá là sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ ta ni yóò wà nínú ìwé tó fi hàn pé a san owó ilé? Òfin ilé gbígbé ti Èkó, ti ọdún 2011, ti pàṣẹ pé kí onílé kọ rìsíìtì, kí orúkọ ayálégbé sì wà nínú rẹ̀. Orúkọ ẹyọ kan ṣoṣo sì ni ọ̀pọ̀ onílé ń kọ, yálà wọ́n mọ̀ pé ènìyàn méjì ló wà nínú ilé tàbí wọn kò mọ̀. (Ẹni tó bá mọ ojú tí àwọn éjẹ́ǹtì fi ń woni bí a bá ní kí wọ́n kọ orúkọ kejì kò ní bi mí léèrè ìdí tí àwọn ọmọ náà fi ń dákẹ́.)

Ká ní ọmọbìnrin méjì jọ gba ilé oníyàrá méjì ní ₦1,600,000 lọ́dún, tí kálukú mú ₦800,000 wá, tí owó oṣù kálukú sì jẹ́ ₦200,000. Ìdá kan nínú márùn-ún ₦800,000 ni ₦160,000. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún sì ni òfin ń bù lórí ìpele tí owó wọn wà, nítorí náà ₦24,000 ni ó yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn rí fi pamọ́ lọ́dún. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rìsíìtì yóò gba tirẹ̀, bí ó bá sì lójú kòkòrò, yóò gba ti ẹnì kejì mọ́ ọn; nígbà tí ẹnì kejì, tó san iye kan náà nínú òógùn ojú rẹ̀, kò ní ìwé kankan tó lè nà sí akọ̀wé owó oṣù ju àkọsílẹ̀ báǹkì tó fi hàn pé ó fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá kò sùn fọnfọn. ₦800,000 ti wọ inú àpò báǹkì rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Ta ni yóò jẹ́rìí fún un lọ́jọ́ tí agbowó orí bá bi í léèrè pé irú òwò wo lo ń ṣe? Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Èrè ni owó orí wà fún, owó tó sì gba ọwọ́ ẹni kọjá lọ sọ́dọ̀ onílé kì í ṣe èrè. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ẹni tó gba ilé ní ₦1,600,000, tó wá ń gba ₦1,000,000 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kó sínú rẹ̀, oníṣòwò ni, kí ó san owó orí èrè rẹ̀, n kò ní bá a bẹ ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí owó orí tí kò yé ará ìlú ń bí. A rí Ogun Adúbí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, a sì rí ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ tí à ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968. Àwọn ọmọ tí mo ń wí yìí kò ní gbé ọ̀pá sókè, wọn yóò kàn máa fi owó wọn pamọ́ kúrò lójú ìjọba ni.

Ọlọ́lá jùlọ, ọwọ́ yín ni àtúnṣe wà, nítorí ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gba owó orí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń gbé Èkó. Mo bẹ̀ yín, ẹ pàṣẹ kí ilé iṣẹ́ owó orí yín tẹ fọ́ọ̀mù olójú-ewé kan tí àwọn tí wọ́n jọ ń gbé yóò jọ fọwọ́ sí, tí ẹ̀dà rìsíìtì onílé àti àkọsílẹ̀ báǹkì yóò bá a rìn, kí olúkúlùkù lè gba ìdẹ̀rùn lórí iye tí òun fúnra rẹ̀ san. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín pé fọ́ọ̀mù náà kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ onílé tí yóò fi lé ènìyàn jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ayálégbé kan ní Bàrígà