Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí

Ní àkókò ayẹyẹ bí irú èyí, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wọn máa ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ta lọ́rẹ. A dúpẹ́ fún irú ọrẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò wa ni pé ọrẹ tí a kò ṣètò ìṣọ́ fún kò ní pẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Bí a bá gbọ́ ọ̀rọ̀ olè, ilẹ̀kùn onírin àti ọdẹ òru ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Àwọn wọ̀nyí dára, síbẹ̀ kì í ṣe òru nìkan ni olè ń jà. Orí tábìlì nígbà tí olùkọ́ lọ jẹun, ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, ṣọ́ọ̀bù tí a gbé ẹ̀rọ lọ láti gba iná: àyè ni gbogbo wọn fún olè. Ohun tí ó fúyẹ́ fún wa láti gbé ká, ó fúyẹ́ fún olè pẹ̀lú. Nítorí èyí ni ihò kékeré kan fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí a lè ki okùn onírin alágádágodo bọ̀, kí a sì so ẹ̀rọ mọ́ tábìlì.

Kí ni olè jí gan-an? Ẹ̀rọ ṣeé rà padà. Máàkì ọdún mẹ́ta tí kò sí níbòmíràn kò ṣeé rà. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ọmọ, nọ́ńbà òbí àti àkọsílẹ̀ àìsàn tí ó bọ́ sọ́wọ́ àjèjì kò ṣeé gbà padà. Páásíwọ́ọ̀dù nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá tú díìsìkì inú ẹ̀rọ, tí ó sì so ó mọ́ òmíràn, lè ka ohun gbogbo, àfi bí a bá ti sọ wọ́n di àrokò. Iṣẹ́ yìí ni BitLocker inú àwọn ẹ̀dà Windows kan àti FileVault inú Mac ń ṣe. Kí a tan wọ́n, kí a tọ́jú kọ́kọ́rọ́ wọn síbòmíràn, kí ẹ̀dà kejì gbogbo àkọsílẹ̀ sì wà ní ilé mìíràn. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 pàápàá ní kí a fi tó àjọ tí ó ń mójú tó o létí láàárín wákàtí 72, bí irú àdánù bẹ́ẹ̀ bá lè pa ẹni lára.

Síbẹ̀, a kò fara mọ́ àṣejù. Títì tí a bá ti kọ̀ǹpútà mọ́ yàrá títí bátìrì rẹ̀ fi kú, olè ni òun náà: ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni ó jí. Ọmọ-ọ̀dọ̀ tí ó ri tálẹ́ǹtì mọ́lẹ̀ kò sọ ọ́ nù, síbẹ̀ olúwa rẹ̀ kò yìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí gbogbo ọmọ di afurasí nígbà tí ohun kan bá sọnù. Ìwé tí a kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí, tí ẹni tí ó gbà á ń fọwọ́ sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, sàn ju kí a máa tú àpò wọn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, bí ẹ bá ń ta kọ̀ǹpútà lọ́rẹ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi okùn onírin àti díìsìkì ẹ̀dà kejì kún un. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lò ó. Nehemáyà gbàdúrà, ó sì tún yan olùṣọ́ sórí odi. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì. Kí àwa náà má ṣe fi ọ̀kan sílẹ̀.